Ògiri Tó Wọ́ ní Pàálọ̀ Màmá Àgbà

Ẹni tó bá ti fi bíríkì oníke ṣeré rí, ìbáà jẹ́ LEGO gan-an tàbí ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yóò ti ṣàkíyèsí pé òfin kan ló ń darí gbogbo rẹ̀. Kókó róbótó-róbótó wà lórí bíríkì kọ̀ọ̀kan, láti àárín kókó kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ mìlímítà 8. Kì í dín, kì í lé. Láti ọdún 1958 tí Godtfred Kirk Christiansen ti gba ìwé àṣẹ ní Denmark lórí bí àwọn bíríkì náà ṣe ń gbá ara wọn mú, ìwọ̀n yìí kò yí padà. Bíríkì ayé ìgbà yẹn ṣì ń wọ ti òde òní. Òfin tó dára ni. Àmọ́ òun náà ló fà á tí ohunkóhun tí èèyàn bá fi bíríkì wọ̀nyí kọ́ fi máa ń dúró bí ọmọ ogun lórí pápá: ògiri á lọ tààrà, igun á jẹ́ dìgírì 90, kò sí èyí tó máa yà bàrá.

Ilé tí mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ni wá. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé yìí torí àtika nǹkan nípa fóníìmù àti àrànmọ́ ohùn, kó jọ̀wọ́ ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ òǹkà Yorùbá ń bọ̀ lọ́nà, àti ọ̀rọ̀ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ilé náà hàn yín.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi páánù bò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la inú rẹ̀ já, yàrá kọjú sí yàrá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pàálọ̀ sì wà níwájú ní apá ọ̀tún. Ògiri ọ̀tún pàálọ̀ yìí ni kò lọ tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé, ó wá ń yà síta bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé iwájú pàálọ̀ fún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbòòrò. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ohun tó fà á ni pé sàréè bàbá aládùúgbò wa ti wà níbẹ̀ kí Bàbá Àgbà tó ra ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ìpìlẹ̀ kalẹ̀, àwọn kan ní kí wọ́n fún ẹbí olóòkú lówó, kí ilé lè gba orí rẹ̀ kọjá. Bàbá Àgbà ní òun kò ní máa jẹun lórí òkú olókùú. Ó ní kí bíríkìlà ya ògiri. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Títí di òní, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé wọn, àwa la máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, àwọn ni.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé náà. Ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fẹ̀. Àwọn tó wá wọn ilé kò lò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú pàálọ̀. Wọ́n wọn iwájú, wọ́n wọn gígùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìwé dé, Bàbá Kékeré kà á sétí Màmá Àgbà: pàálọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 11 ní ìbú. Màmá Àgbà dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ilé ta nìyẹn?"

Kíkà ni wọ́n kà á fún un torí pé kò ríran mọ́. Àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ló mú un, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń rìn nínú ilé. Kì í lo ọ̀pá. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ló máa ń fi kan ògiri, á sì máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ríran. Tí ẹ bá gbé àga sí ibi tí kò yẹ kó wà, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí ògiri ti sán, ibi tí kọ̀ǹkéré ti gùn, ibi tí ọmọ kan fi ìṣó ha ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wíwó ilé ti wá di òótọ́, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin ti ya fọ́tò. Kí lèmi máa fi fọ́tò ṣe?"

N kò ní èsì kankan fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àpò ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àǹtí mi tó wà ní Peckham ní London ló fi ránṣẹ́ nínú ẹrù. Bíríkì LEGO àwọn ọmọ rẹ̀ ni, àwọn ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n báyìí tí wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé àwọn ń ṣeré ọmọdé. Pupa, búlúù, yẹ́lò, funfun, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpò náà ní ṣákálá. Àbúrò mi ọkùnrin sọ pé tí n bá fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé, á dà bí ilé aláàrẹ̀mù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹni tí mò ń kọ́ ọ fún kò bìkítà fún àwọ̀.

Èyí ló yàtọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé fún ojú lè fi àwọ̀ tan ojú jẹ. Ìka kò ṣe é tàn bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kàn kọ́ ọ ní ṣánṣán, ta ló máa mọ̀? Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ẹni tó nilé máa mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Mo fi kókó kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìpinnu yìí rọrùn, ó sì bọ́ sí i gan-an: ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mìlímítà 304.8, kókó kan sì jẹ́ 8, torí náà ilé mi kéré sí ilé gidi ní ìlọ́po 38 àti díẹ̀. Íǹṣì mẹ́fà di ìdajì kókó. Íǹṣì kan kò tó mìlímítà kan pàápàá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ló bá mi wọn ògiri náà, bíríkìlà àgbà kan ládùúgbò tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì. Ó mú téèpù àti okùn wá. Kó tó wọn ohunkóhun, ó kọ́kọ́ wá ìlà tó dúró ní igun gidi sí iwájú ilé. Ó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lára ògiri iwájú, ó wọn mẹ́rin lórí okùn tó na sẹ́yìn, ó wá ń sún okùn náà sọ́tùn-ún sósì títí tí ìwọ̀n láti orí ìkínní dé orí ìkejì fi jẹ́ márùn-ún gééré. "Tírì, fọ́ọ̀, fáìfù," ó ní. "Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin náà ń kọ́ ọ ní yunifásítì?" Mo ní àwọn oníṣirò ń kọ́ ọ, àwa kọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Láti orí okùn tó na lọ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 yẹn, a wọn ìwọ̀n dé ara ògiri tó wọ́ náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́wàá ni.

Tírì-fọ́ọ̀-fáìfù Àlàájì yìí gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí igun nínú bíríkì oníke. Ìdí rèé. Bíríkì méjì tó bá fi kókó kan ṣoṣo di ara wọn mú lè yí, nítorí pé kókó náà rí róbótó. Tí kókó méjì bá ti wọlé, ó parí, kò lè yí mọ́. Torí náà, yíyí nìkan kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni kí ògiri tí a yí náà tún rí kókó mìíràn lápá kejì tó máa jókòó lé, kó má baà máa mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Kókó apá kejì yìí sì gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí òfin mìlímítà 8 gbé e sí. Ìwọ̀n láti kókó kan sí èkejì lórí ìlà tó dábùú gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nọ́ńbà. Mẹ́ta àti mẹ́rin ń bí márùn-ún, igun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dìgírì 37. Mẹ́jọ àti 15 ń bí 17, ìyẹn fún wa ní 28. Méje àti 24 ń bí 25, ìyẹn tó 16. Márùn-ún àti 12 ń bí 13, igun tirẹ̀ sì jẹ́ 22.6.

Ẹsẹ̀ bàtà 12 sẹ́yìn, márùn-ún dín íǹṣì méjì síta: ṣé ẹ rí i? Bàbá Àgbà àti bíríkìlà rẹ̀ kò ronú kan ìṣirò nígbà tí wọ́n ń yẹra fún sàréè, síbẹ̀ ibi tí wọ́n gbé ògiri gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí LEGO gbà wọ́n láyè. Íǹṣì méjì tó kù yẹn, nínú ilé tèmi, mìlímítà 1.3 ni, ó sì tàn káàkiri gbogbo gígùn ògiri. Mo fara mọ́ ọn.

Kí n tó kúrò lórí igun, ọ̀rọ̀ dìgírì 45 máa ń dun àwọn tó ń fi bíríkì kọ́ nǹkan. Òun ni igun tí gbogbo èèyàn fẹ́, òun gan-an ni kò sì sí nọ́ńbà tó lè bí i ní àbíyè. Márùn-ún àti márùn-ún ń bí 7.07, kì í ṣe méje. Ẹni tó bá fi ipá tẹ̀ ẹ́ wọlé, á wọlé, ṣùgbọ́n ike náà á máa jìyà, lọ́jọ́ kan á sán. Méjìlá àti méjìlá ń bí 16.97, tí ẹ bá pè é ní 17, àlàfo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Àwọn kan gbà á, àwọn mìíràn kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè fi 12 àti 12 kọ́ ilé, ilé rẹ̀ tóbi, kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíkà. Tí mo bá ní kókó 13, mi ò sọ pé kí pẹlẹbẹ náà ní kókó 13 lórí. Láti àárín kókó dé àárín kókó la ń wọn, torí náà àlàfo 13 ń fẹ́ kókó 14. Àwọn tó ń kọ́ èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn ènìyàn tó gbọ́. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn. Ọjà ọ̀rọ̀ọ̀rún, ọjọ́ márùn-ún ni a pè é, ṣùgbọ́n tí a bá náà án lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ilẹ̀ máa mọ́ kí a tó tún náà án, torí pé a ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: 17 ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, 16 ni fífò rẹ̀. Kókó ni ọjọ́ ọjà, mìlímítà ni ilẹ̀ tó ń mọ́. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi báyìí, ó ní ó ti yé òun tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni.

Ògiri náà gan-an, báyìí ni mo ṣe tò ó. Tí ẹ bá yí ògiri lórí pátákó tí kókó kún orí rẹ̀, àwọn kókó yẹn ò ní jẹ́ kó jókòó. Nítorí náà, mo fi táìlì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí kò ní kókó lórí, bo gbogbo ibi tí ògiri náà máa gbà kọjá, kókó márùn-ún ní ìbú, 12 ní gígùn. Kókó méjì péré ni mo jẹ́ kó yọ jáde, ọ̀kan níbi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀, èkejì níbi tó parí sí. Wàhálà mìíràn tún wà: ìpẹ̀kun ògiri tí a yí máa ń gbá ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé igun mẹ́rin ló ní, igun ọ̀hún á sì yọ síta. Mo rí pẹlẹbẹ kékeré méjì nínú àpò náà, oníkókó méjì-méjì, tí etí wọn kò ní igun. Mo fi ọ̀kan sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, mo fi oníkókó mẹ́wàá sáàárín, ó di 14. Mo wá fi àwọn mìíràn dè wọ́n lókè. Bíríkì róbótó ni mo tò sí orí etí méjèèjì bí òpó. Ó yí wọlé wẹ́lo. Inú mi dùn débi pé mo jí àbúrò mi.

Ẹnì kan, Søren Eilers, tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Copenhagen, ti ka iye ọ̀nà tí a lè gbà so bíríkì mẹ́fà oníkókó mẹ́jọ pọ̀: 915,103,765. Méjì péré nínú irú bíríkì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà 24. Nọ́ńbà yẹn máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tó ya èmi lẹ́nu ni pé èyí tó dúró ní ṣánṣán nìkan ni wọ́n kà. Gbogbo èyí tó wọ́, tí ó ń fi kókó kan ṣoṣo yí, kò sí níbẹ̀.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ọ̀rọ̀ íǹṣì. Ní ẹ̀yìn ilé, bàbá mi fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kún ti Bàbá Àgbà nígbà tí àwa ọmọ pọ̀ sí i. Ògiri búlọ́ọ̀kù náà àti ògiri amọ̀ pàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Ti búlọ́ọ̀kù yọ síwájú ní íǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin. Ojú kò lè tètè rí i. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Màmá Àgbà fi ń mọ̀ pé òun ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Láràárọ̀, ọwọ́ á máa bọ̀ lára ògiri, á kan ibi tó yọ yẹn, á yà sọ́tùn-ún. Kò ka ìṣísẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ibi tó yọ yẹn kò bá sí nínú ilé tí mò ń kọ́, kò ní í jẹ́ ilé rẹ̀.

Íǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin, ní ìwọ̀n tèmi, mìlímítà 0.83 ni. Bíríkì tó ń fò ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, báwo ló ṣe máa sún ní nǹkan tí kò tó mìlímítà kan?

Yíyọ ni ìdáhùn rẹ̀. Bíríkì kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Láti kókó dé kókó jẹ́ 8, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ nípọn ní 3.2. Pẹlẹbẹ mẹ́ta ga tó bíríkì kan, ìyẹn 9.6. Tí ẹ bá wá rí bíríkì tó ní kókó lára ẹ̀gbẹ́, tí ẹ fi pẹlẹbẹ mọ́ ọn ní ìdúró, ìwọ̀n sísanra á ti wọ inú ìwọ̀n gígùn. Pẹlẹbẹ márùn-ún tí a tò báyìí jẹ́ 16, ó bá kókó méjì dọ́gba. Kókó kan yọ pẹlẹbẹ méjì, 8 yọ 3.2, kí a tún yọ 3.2, ó ku 1.6. Pẹlẹbẹ kan tún wà tí ó gùn tó kókó méjì ṣùgbọ́n tó jẹ́ kókó kan ṣoṣo ló wà láàárín orí rẹ̀. Òun máa ń sún ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ní ìdajì kókó, ìyẹn 4. Ẹ wá yọ pẹlẹbẹ kan kúrò nínú ìdajì kókó, 4 yọ 3.2. Ó ku 0.8.

Ẹni tó bá sọ pé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì, kó ka márùndínláàádọ́ta kí n gbọ́. Ogún mẹ́ta ni a kọ́kọ́ mú, ọgọ́ta. A yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. A tún yọ márùn-ún, a wá dé 45 tí à ń wá. Nígbà tí a ṣe iṣẹ́ lórí òǹkà ní ọdún kejì, ẹnì kan nínú kíláàsì wa bínú pé kí ló dé tí àwọn baba wa ò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa kà á lọ sókè. N kò ní ìdáhùn fún un nígbà náà. Ní báyìí, màá sọ fún un pé nígbà tí òkúta ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ bá tóbi ju ohun tí o fẹ́ wọ̀n lọ, yíyọ ni ọ̀nà tó kù. Kò sí ike kan nínú àpò Peckham yẹn tó nípọn ní 0.8. Ṣùgbọ́n ó ń fara pa mọ́ sáàárín 4 àti 3.2.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Ògiri amọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ bíríkì oníkókó ẹ̀gbẹ́, mo wá fi táìlì lẹ̀ ẹ́ lójú. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé iwájú rẹ̀ jẹ́ 8 àti 3.2, ìyẹn 11.2. Ògiri búlọ́ọ̀kù jẹ́ bíríkì lásán, mo gbé e lé pẹlẹbẹ oníkókó kan, ó sún síwájú ní 4, iwájú rẹ̀ wá bọ́ sí 12. Èkejì fi 0.8 yọ ju èkínní lọ. Mo di ojú mi, mo fi ìka gba ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ìka mọ nǹkan tí ojú ò mọ̀, ẹ lọ fi eékánná yín dán etí káàdì ATM yín wò lórí tábìlì, káàdì náà kò nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ilẹ̀kùn kò gba àkókò. Wọ́n wọ inú ògiri ní íǹṣì mẹ́fà, ìdajì kókó ni, ó tán. N kò gbé ògiri náà ga ju bíríkì mẹ́ta lọ, n kò sì bo òrùlé, kí ọwọ́ lè ráyè wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà márùn-ún di ọ̀nà kóró tí ìka méjì lè gbà.

Mo gbé e fún un lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sí iwájú ilé, mo ní, "Màmá, ẹnu ọ̀nà rèé," mo sì dákẹ́. Ìka rẹ̀ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dárúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn nínú wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tó dé ibi 0.8 yẹn, ìka dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá. Ó ní, "Ilé ìdáná," ó sì yà sọ́tùn-ún.

Ó tún gbé ọwọ́ padà sí pàálọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ògiri tó wọ́ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀rín sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sí ìta ògiri, ó ń fi pa orí àwọn táìlì tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, èyí tí mo tò kí ògiri lè rí ibi yí sí. Gbogbo ibòmíràn lórí pátákó náà ló ní kókó; ibẹ̀ nìkan ló ń dán. "O ò gbàgbé bàbá wọn," ó ní. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ bíríkì ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni sàréè náà wà. Mo ní, "Rárá, Màmá, n ò gbàgbé."

Bàbá Kékeré, ẹni tó ní ta ló máa mọ̀, ló wá ń fi ilé oníke náà han gbogbo àlejò. Òun ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà: ìdajì 12 lọ́nà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́wàá, ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 29 ni àwọn tó wọn ilé fi sílẹ̀. Ó kọ̀wé, ó sì ní kí Àlàájì bá òun fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan yóò wá tún un wọ̀n. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò tíì wá, ọ̀dà pupa náà sì ṣì wà lára ògiri.

Màmá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè nípa ìwé. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ilé náà wà, a kì í gbé nǹkan kan lé e. Ó ti ní kí n ṣe kànga sí i, mo ti ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo ṣe kò dára tó, pé ìta ni wọ́n ń ṣí i sí, kì í ṣe inú, láti ìgbà tí ewúrẹ́ kan ti fi orí tì í wọlé lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà. Mo ti da gbogbo àpò náà sílẹ̀. Híńjìsì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, mò ń wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn á wọ àlàfo ìdajì kókó.